Ṣúgà Nínú Àpò: Ohun tí Ojú Mi Rí ní Cape Coast

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, nínú gbọ̀ngàn kan ní Allen Avenue, Ìkẹjà

 Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. 

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò afẹ́ àti ìlera. Mo ní kó má fi orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ pè é, torí n kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni mí, ní Ọba Akran níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ìrìn-àjò wa sí Ghana lọ́dún 2018. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ bí kálukú ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ síra. Mo ti gbọ́ ọ ní Opebi pé ọtí ni mo mu yó láti Accra. Nílé, ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ní òkú àwọn ẹrú àtijọ́ ló gbé mi ṣubú. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́nu aláta kan ní ọjà Ìpodò pé mo ti kú, aláta náà sì bá a kẹ́dùn dáadáa, ó tiẹ̀ fi ata jin ín.

Láti ìgbà náà, a ò tíì tún jáde. Ìjọba ti bọ́dà pa ní oṣù Kẹjọ 2019, kí wọ́n sì tó ṣí i ní oṣù Kejìlá 2020, àrùn kòrónà ti dé, Ghana ò sì ṣí bọ́dà orí ilẹ̀ tirẹ̀ títí di oṣù Kẹta 2022. Ní báyìí, ìgbìmọ̀ ti ní kí a tún ọ̀nà náà rìn ní oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, láti fi kádìí ọdún kẹwàá. Orúkọ mi wà nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti dúró síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí a ń múra ti 2018, fọ́ọ̀mù kan wà tí akọ̀wé pín fún wa. Ìbéèrè kẹfà inú rẹ̀ ni pé, “Ṣé o ní àìsàn kan tó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀?” Mo kọ “Rárá” sí i. Ọdún mẹ́rin ti kọjá nígbà náà tí nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Oògùn méjì ni mo ń lò, metformin àti glibenclamide. Ìyàwó mi mọ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀. Ẹgbẹ́ mi ò mọ̀.

Kí ló dé? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Bí a bá wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa, a lè ní orúnkún ń dùn wá. Lọ́dọ̀ àbúrò ẹni, a lè ní kó bá wa gbé báàgì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni ni a fi ń wọn ara ẹni. Ìgbà kan náà ni wọ́n bí gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá ní òun ò lè gun àtẹ̀gùn, gbogbo ojú á yí sí i, kálukú á sì máa dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe òun. Nílé, bí regbéregbé bá jáde ní Òjúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, aṣọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ẹgbẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Èmi tí ẹ ń pè ní “Bàbá Ìgbádùn” láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 2015, ṣé èmi ni n ó wá sọ pé mi ò gbọdọ̀ mu mínírà?

A gbéra ní Allen níbí ní aago mẹ́rin àárọ̀, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Allen láyé ọjọ́un mọ̀ pé aago mẹ́rin àárọ̀ kì í ṣe òru níbẹ̀. Àwọn tó ń ti òde ìgbádùn bọ̀ ń juwọ́ sí wa, àwa náà ń juwọ́ sí wọn, aṣọ ẹgbẹ́ wa mọ́ roro. Ọ̀nà Agbádárìgì ni a gbà dé Sẹ̀mẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láàyè láti wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ò sọ iye wákàtí tí a ó fi dúró nínú oòrùn. Bọ́dà mẹ́ta ló wà lọ́nà kí èèyàn tó wọ Ghana: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó fi ìwé hàn, ẹ ó rìn kọjá, ẹ ó tún sọ̀kalẹ̀ ní òdìkejì. Oúnjẹ tí ẹ rò pé ẹ ó jẹ ní aago méjìlá, ó lè di aago mẹ́rin.

Mi ò ní fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ ti Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀. A dé Ouidah, a wo Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etí òkun, a wo ilé àwọn erè (ẹnì kan nínú wa, tó jókòó sí tábìlì kẹta yẹn, kò wọlé títí a fi jáde). A sùn ní Lomé. Lọ́jọ́ kejì a dé Accra, a sì sùn níbẹ̀. Mo jẹun, mo lo oògùn, ara mi le.

Sátidé ni ọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ní kí a tètè gbéra torí Cape Coast àti Elmina ni a fẹ́ fi ọjọ́ kan rí. Aago márùn-ún àárọ̀, ilé ìtura tí a sùn sí ò tíì dáná. Mo wọ inú balùwẹ̀ lọ, mo fi omi tútù gbé oògùn mi mì, kí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní yàrá má bàa rí mi. Mo ní bí a bá ti jáde, a ó jẹun lọ́nà. Kìlómítà 145 péré ni Accra sí Cape Coast. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gba ọ̀nà yẹn rí, ẹ mọ Kasoa. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ lè kọ́ ti Òṣòdì níṣẹ́. Aago mẹ́jọ bá wa níbẹ̀. Ẹnì kan fi búrẹ́dì lọ̀ mí nínú bọ́ọ̀sì, mo ní rárá, ẹ ṣeun. Dókítà mi ti ní kí n dín búrẹ́dì kù. Àṣé ọjọ́ tí mo pa òfin dókítà mọ́ jù láyé mi ni ọjọ́ tó fẹ́ pa mí.

Ó yẹ kí n là á yé àwọn tí kò mọ̀. Oríṣi oògùn àtọ̀gbẹ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Glibenclamide jẹ́ ọ̀kan, insulín sì jẹ́ òmíràn. Kò bìkítà bóyá o ti jẹun tàbí o kò tíì jẹun. Bí ó bá bá oúnjẹ níkùn, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá bá nǹkan kan, ṣúgà kékeré tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ni yóò dojú kọ. Nígbà tó bá lọ sílẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ké: òógùn á bò ọ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa já, ebi á pa ọ́ bí ẹni tí kò jẹun rí. Bó bá tún lọ sílẹ̀ sí i, ìwà rẹ á yí padà. Ahọ́n á wúwo bíi ti ọ̀mùtí. Lẹ́yìn ìyẹn, gìrì tàbí oorun tí a kì í jí níbẹ̀.

Nígbà tí a dé Cape Coast, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago mọ́kànlá. Ilé olódi náà funfun, òkun ń lu ìdí rẹ̀. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀ lọ́dún 1653, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Amọ̀nà wa, ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, kó wa wọ inú túbú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin sí. Ó fi hàn wá pé ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn wà lókè orí túbú gan-an. Lẹ́yìn náà ó pa iná, ó ní kí a dákẹ́ díẹ̀, kí a lè mọ bó ṣe rí.

Ohun tí mo rántí kẹ́yìn nìyẹn, òkùnkùn. Mo rántí pé ẹ̀wù mi ti tutù rin, mo rò pé ooru ni. Ìyókù, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ.

Wọ́n ní nígbà tí iná tàn, mo ti fara ti ògiri, mo ń gbọ̀n, mo ń sọ ohun tí kò já mọ́ra. Wọ́n ní Ààrẹ wa ìgbà náà wá di ọwọ́ mi mú, mo já a gbà, mo pè é ní olè, mo ní kó dá owó ẹgbẹ́ padà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọmọ ọdún méje ni wá tí a ti mọra. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ogún èèyàn ló gbọ́ èébú náà, èmi àti òun nìkan ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo tún bẹ̀ ọ́ lónìí lójú gbogbo wọn. Kì í ṣe inú mi ló sọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀, mi ò sì fi ta ẹnikẹ́ni lábùkù. Ibi tí a wà, kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Àwọn obìnrin wa méjì ti ń sunkún. Nígbà tí ẹ rí mi tí mò ń gbọ̀n, ẹ rò pé ibi náà ló gbé mi. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n sì gbè é. Alhaji wa gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń ka Áyátúl Kúrṣíyù. Amọ̀nà pàápàá ò dá wa dúró. Ó ní àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà máa ń ṣubú níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gbàdúrà, mo rò pé ó wà lára ohun tó gbà mí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ń lọ.

Ìgbà tí wọ́n gbé mi jáde sí oòrùn ni ẹnì kan tú báàgì mi, ó rí oògùn. Ibi tí ewu tún ti pọ̀ sí i nìyẹn, torí àwọn tó mọ oògùn náà pariwo pé, “Háà, àtọ̀gbẹ ni! Ẹ má fún un ní nǹkan dídùn rárá!” Ẹni tó ti mú mínírà bọ̀ tún gbé e pa dà. Ìdajì ìmọ̀ burú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ṣúgà ni ọ̀tá alátọ̀gbẹ. Ta ló mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bẹ tí ṣúgà ni yóò gbà á?

Ọmọ mọ́tò ló mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin tó ń bá dẹ́rẹ́bà wa ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ Agége, kò ju ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Ó gba àárín àwọn àgbà kọjá, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú, màmá mi ní i. Bí wọ́n bá ti ń làágùn báyìí, ṣúgà ni wọ́n ń fẹ́.” Ẹnì kan ní kí ó kúrò lọ́nà. Kò kúrò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà, àgbà ò fẹ́ jẹ́ kí ọmọdé gbọ́n. Dẹ́rẹ́bà ló gbèjà rẹ̀. Ọmọ náà bi mí bóyá mo lè gbé nǹkan mì, ó fi omi díẹ̀ dán mi wò, mo gbé e mì. Ó wá rọra fún mi ní mínírà, ìyẹn gidi kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà, díẹ̀díẹ̀, títí ìdajì ìgò fi tán. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí n kò tíì mọ orúkọ ara mi dáadáa, ó fún mi ní ìyókù.

Mo ti bi dókítà mi léèrè láti ìgbà náà. Bí ọmọ yẹn ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni: gíráàmù ṣúgà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí í ṣe ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí kò bá tíì dára, kí a tún un ṣe, bó bá ti dára, kí onítọ̀hún jẹun gidi. Bí onítọ̀hún ò bá mọ ara rẹ̀ tàbí kò lè gbé nǹkan mì, kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, torí ọ̀nà ọ̀fun á gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì wá ilé ìwòsàn kíákíá.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ka 54, lẹ́yìn ìgò mínírà kan gbáko. Nọ́ọ̀sì ní òun ò fẹ́ mọ iye tó jẹ́ kí n tó mu ún. Wọ́n fa omi oníṣúgà sí mi lára, wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀, torí oògùn náà kì í tètè kúrò lára. Ó lè tún fa ṣúgà wálẹ̀ ní òru lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti parí.

Bọ́ọ̀sì wá dúró lójú títì níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n sì dìbò. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe lọ, torí àwọn méjì ti wá sọ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan ní kí a máa lọ sí Elmina, torí kò jìnnà, a ti sanwó, ilé olódi ọdún 1482 ni, ẹni tó bá kú kì í lọ mọ́. (Ẹni tó sọ gbólóhùn yẹn mọ ara rẹ̀. Mo ti dárí jì í, mo sì ti fi jẹ ẹ́ ní ẹran.) Àwọn kan ní a jọ jáde ni, a ó jọ wọlé ni. Kí wọ́n tó parí, ilé ìwòsàn ní kí wọ́n mú owó wá. Gbogbo náírà wa ti di sídì, gbogbo sídì sì ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Káàdì tí mo fi ń gba ìtọ́jú ní Ìkẹjà, wọn ò tiẹ̀ bojú wò ó. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni akápò kó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ní gbangba: jọ̀lọ́ọ̀fù yín ni wọ́n fà sí mi lára.

Wọ́n lọ sí Elmina níkẹyìn, akọ̀wé àti Ààrẹ tí mo pè lólè dúró tì mí. Ó sùn lórí bẹ́ǹṣì igi.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ní yàrá òkè ibi tí a ti ń pàdé ní òpópónà Toyin, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo rò pé wọn ó bá mi wí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin kan dìde, ó ní òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ò sì lo oògùn òun láti Allen títí dé Accra, torí oògùn tó ń múni tọ̀ ni, kò sì sí ilé ìtọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Òmíràn ní òun ò mu omi láti Sẹ̀mẹ̀ dé Lomé nítorí ohun kan náà. Ọkùnrin kan ní òun ní ikọ́ fée, ohun tí òun ń fà símú wà nínú àpótí tó wà nísàlẹ̀ bọ́ọ̀sì, lábẹ́ ẹrù gbogbo wa. Ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ní òun ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ díẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Àwa ti rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Gbogbo wọn ló kọ “Rárá” sí ìbéèrè kẹfà. Bọ́ọ̀sì aláìsàn ni a wọ̀, tí aṣọ rẹ̀ dọ́gba.

Ìtàn kan wá sọ́kàn mi nígbà náà tí mo kà nípa Agbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá 1825, Hugh Clapperton gbéra níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ẹṣin, láti gba ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Sókótó. Dókítà ìṣègùn wà láàárín wọn, Morrison lorúkọ rẹ̀. Ibà mú wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Morrison àti ọ̀gágun Pearce ti kú. Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìíní 1826. Òun náà kú nítòsí Sókótó ní oṣù Kẹrin 1827, ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ló kó ìwé rẹ̀ dé ilé. Lọ́dún 1854, ọkọ̀ ojú omi Pleiad gba odò Ọya wọlé, William Baikie ló jẹ́ olórí rẹ̀. Gbogbo òyìnbó inú rẹ̀ ló ń lo kuníìnì lójoojúmọ́, olórí wọn ló sì ń rí sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ibà pa. Kì í ṣe pé ara wọn le ju ti àwọn ti àkọ́kọ́ lọ.

Torí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ oṣù Kejìlá pè mí, mo ní mo ní àwọn ohun tí mo fẹ́. Èkíní ni pé kò ní sí ìbéèrè kẹfà mọ́. Ìwé pélébé kan ni kálukú yóò kọ fúnra rẹ̀: àìsàn tó ní, orúkọ oògùn tó ń lò, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, nọ́ńbà ẹni tí a ó pè nílé. Yóò dì í sínú àpò ìwé, yóò lẹ̀ ẹ́, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì tí a ó mú dání ni yóò tọ́jú rẹ̀, a ó sì dá a padà fún ẹni tó ni ín ní Allen tí a bá dé, láìtú u bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì lè pa ìtìjú rẹ̀ mọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni pé oúnjẹ ni yóò máa ṣáájú ìran wíwò. Bọ́ọ̀sì yóò dúró fún oúnjẹ ní aago tí a bá dá, bọ́dà ì báà le. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ìyẹn á jẹ́ kí a pàdánù Ganvié, ìlú orí omi yẹn. A ó pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà yóò sì máa dúró ní ilé epo tó ní ilé ìtọ̀ tó dára, kí ẹ̀yin obìnrin wa lè mu omi, kí gbogbo wa sì lè na ẹsẹ̀. Jíjókòó pẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa nínú ẹsẹ̀ àgbà.

Oògùn kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí. Ọwọ́ ni yóò wà, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, kó sì ju iye ọjọ́ ìrìn-àjò lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ lọ bá dókítà yín kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹ bi í bí ẹ ó ṣe lò ó ní ọjọ́ tí oúnjẹ lè pẹ́. Tèmi ti pààrọ̀ glibenclamide yẹn fún mi. Ẹ mú káàdì ibà pọ́njú yín dání. Ti ìgbẹ́ gbuuru, àwa tí a tọ́mọ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ Mínísítà Ìlera ò ní gbàgbé omi oníyọ̀: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó má kún ju ojú ṣíbí lọ. Ní Ghana, 193 ni nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn. Ní Èkó níbí, 767 tàbí 112.

Owó àìsàn sì ni ìkẹyìn. Kálukú yóò dá ti ẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó ìrìn-àjò, akápò yóò sì fi sídì àti sẹ́fà pa á mọ́ sínú àpò kan tí a kò gbọdọ̀ fi ra aṣọ kẹ́ńtè. Bí a bá dé láyọ̀, a ó pín in padà. Bí ẹnì kan bá sì wọ ilé ìwòsàn, a ti fẹnu kò lórí rẹ̀ báyìí kí ọkọ̀ tó gbéra: èèyàn méjì yóò dúró tì í, orúkọ àwọn méjèèjì ti wà nínú ìwé, a ò ní dìbò lójú títì mọ́.

Ọmọ mọ́tò yẹn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ó ń tún fóònù ṣe ní Otigba. Ìgbìmọ̀ pè é wá síbi ayẹyẹ yìí, ó ní ọjọ́ Sátidé ni ọjà òun, ó ń bọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bó bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kí màmá rẹ̀ fún wa, ara wọn le.

Ẹ wo àpò mi. Kóró ṣúgà márùn-ún nìyí, nínú ọ̀rá. Mo ti gbé e wọ gbogbo òde láti 2018. Ọmọ-ọmọ mi jí méjì jẹ lánàá, mo ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìwé pélébé wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́rin àárọ̀, ní Allen níbí, níbi tó ti gbéra lọ́jọ́sí. Oúnjẹ àárọ̀ yóò wà nínú ọkọ̀, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín, a ó sì jẹ ẹ́ kí a tó dé Agbádárìgì.